Ẹni Tí Yóò Jẹ́ Irie

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, Chizuru Irie kú ní Marugame. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á.

Goda, tí òun àti Yasuhiro Munakata jọ lọ sí yunifásítì, ló pè é lórí fóònù ní Nagoya láti sọ fún un. Ọ̀sán ni, Yasuhiro ń jẹun lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jẹ oúnjẹ náà tán, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò ó. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó lè sọ fún pé obìnrin tí òun fẹ́ràn ti kú.

Ọdún kẹta ló wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Takamatsu nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Olùkọ́ wọn pín wọn sí ẹgbẹ́, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ yẹ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wò, kí wọ́n sì gba ọ̀gá ibẹ̀ nímọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Sadao Irie ní Marugame ni wọ́n rán Yasuhiro àti Goda lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọparun àti bébà ṣe abẹ̀bẹ̀.

Chizuru, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, ló ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ ní Takamatsu, ṣùgbọ́n ó máa ń wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Gọ́ọ̀mù wà ní gbogbo ìka rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá gbà wá nímọ̀ràn? Mo rò pé àgbàlagbà ni wọ́n máa rán wá."

"Àwọn àgbàlagbà ń bọ̀ lẹ́yìn," Goda dáhùn. "Àwa la kọ́kọ́ wá gbálẹ̀ dè wọ́n."

Chizuru rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí Yasuhiro. "Ìwọ tó ò sọ̀rọ̀, jókòó síbí. Lẹ bébà yìí mọ́ ọparun kí n wò ó."

Bébà náà ya.

"Ó tán," ni Chizuru wí. "Ilé iṣẹ́ wa ti kógbá sílé."

Láti ìgbà náà, òun àti Yasuhiro jọ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Takamatsu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á jẹ núdù udon lórí ìdúró ní ibùdókọ̀, Chizuru á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ràn mi ni, àbí ìwádìí lo ń ṣe?"

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́. Èmi ti fẹ́ràn rẹ látìgbà tí bébà ti ya."

Wọ́n fẹnu kò pé Osaka ni àwọn máa lọ gbé. Yasuhiro kì í bá ènìyàn ṣe wọléwọ̀de láti kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí ẹni tí kò fẹ́ kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ń sọ nǹkan mìíràn. Oníbàárà wà. Ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ ni kò sí. Bàbá Sadao kò gba ọ̀dọ́ kankan síṣẹ́, nítorí pé kò mọ ẹni tí yóò máa darí wọn lẹ́yìn òun. Ẹgbẹ́ náà wá kọ ìmọ̀ràn wọn: kí ọmọbìnrin ilé padà wálé, kí ó fẹ́ ọkọ tí yóò gba orúkọ Irie, tí yóò sì di ọmọ ilé náà, bí ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò bí ọmọkùnrin ti ń ṣe.

Yasuhiro fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún Chizuru.

"Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ gba máàkì?"

"Òótọ́ ni. Láìsí ìyẹn, iṣẹ́ náà á kú mọ́ bàbá rẹ lọ́wọ́."

Chizuru ní, "Mi ò lè máa wò ó kó kú. Ìwọ ni kó o wá jẹ́ Irie, olólùfẹ́ mi."

Yasuhiro lọ bá ìyá rẹ̀ ní Uwajima. Opó ni, Yasuhiro nìkan ló sì bí. Ẹja ló ń la lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Mú ọmọ náà wá. Màá tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ mi."

"Èmi ni mo máa lọ sọ́dọ̀ wọn, Màmá."

"Ta ló máa wá máa tún ibojì bàbá rẹ ṣe, kó máa bomi sí i? Ṣé kí n lọ bẹ ará àdúgbò ni?"

"Màmá, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo gbọ́. Lọ, mi ò dè ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló máa kù tó ń jẹ́ Munakata nílé yìí. Kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ìmọ̀ràn náà kalẹ̀, Bàbá Sadao tẹ́tí sí i dé òpin.

"Ó dáa," ó ní. "Ọkọ tí ẹ ní ká wá yìí, ibo ni wọ́n ti ń tà á?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Chizuru kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bu tíì, ó sì ń wo Yasuhiro. Kí Yasuhiro la ẹnu sọ pé òun ni ọkọ náà ló kù.

"Ẹ máa rí i, Bàbá," ni Yasuhiro wí, ó sì tẹrí ba.

Chizuru gbé tíì síwájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Munakata," ó ní, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Olùkọ́ gbóríyìn fún wọn. Chizuru fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó padà sílé. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan láti Zentsuji fẹ́ ẹ, ó sì gba orúkọ Irie. Yasuhiro ríṣẹ́ sí Nagoya. Ìyá rẹ̀ kú. Kò fẹ́ ìyàwó. Rédíò ló máa ń tàn bó bá wọlé, kí ohùn kan lè wà nínú ilé.

Lẹ́yìn ìsìnkú Chizuru, ó lọ sí Marugame láti tan tùràrí níwájú àwòrán rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú. Ọkọ Chizuru ló gbà á lálejò.

"Ẹ̀yin wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn? Bàbá wa ò yé sọ̀rọ̀ yín títí tí wọ́n fi kú. Ká ní kì í ṣe ìmọ̀ràn yín ni, wọn ì bá má ti wá mi kàn. Ǹ bá má ti mọ Chizuru rárá. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní.

Yasuhiro náà tẹrí ba. "Inú mi dùn pé ó wúlò," ó ní.

Ohun tí Chizuru fi sílẹ̀ nìyí:

Ilé iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní ìwé kẹfà, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣì ń béèrè ìgbà tí ìyá òun máa dé.

Awò ojú kan tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́.

Tìmùtìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé láti ìgbà tó ti kú.

Ọkọ kan tó ń jẹ́ Irie, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àlejò rẹ̀ fi yà ní igun òpópónà.