Omi Pupa Ìyá Aláwọ̀n

Ẹ yá mi létí yín díẹ̀, màá dá a padà. Ọmọ aránṣọ kan tó ń fò láti orí àga sórí àga lówùúrọ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Ta ló bèèrè irú omi tó mu? Ìyá Aláwọ̀n, àbúrò bàbá ọkọ aránṣọ, ni gbogbo ojú yí sí. Màmá yìí ló ń bó èèpo igi ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀ tí gbòǹgbò ẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Ó ń fi èèpo náà rẹ àwọ̀n apẹja kó má tètè jẹrà, ọwọ́ ẹ̀ sì pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹyẹ funfun á bo orí igi, màmá á wà nísàlẹ̀ tòun ti ọ̀bẹ. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?

Aránṣọ, ìyá ọmọ, ò sunkún. Wọ́n ní kó jẹun, ó jẹ. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Àfi bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀.

Ni ìgbẹ́ gbuuru bá tún mú àbúrò òkú. Ìyá Aláwọ̀n gbé ife omi pupa dé. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ aránṣọ, dínà fún un.

"Ìyá, kí nìyẹn?"

"Èèpo ẹ̀gbà ni mo sè. Ó máa ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Òun ni mo fún bàbá yín."

"Bàbá wa náà dà?"

"Ó lé lọ́gọ́rin ọdún kó tó kú! Ṣé ẹ fẹ́ kó di òkúta ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ oògùn lóòótọ́, ẹ mu ún."

Màmá mu.

"Yéè! Ẹ wá wò ó o, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án gangan!"

"Tí mi ò bá mu ńkọ́?"

"Májèlé nìyẹn."

"O ti ilẹ̀kùn méjèèjì, o tún ní kí n jáde."

Ojú ọmọ ti ń wọnú. "Màámi, òùngbẹ."

Aránṣọ dìde, ó gba ife.

"Ìyàwó, gbé e sílẹ̀! Ẹyọ kan ló kù fún ẹ!"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Ó tọ́ ọ wò. Abẹ́rẹ́ ti gún un tó, ó ti lá ẹ̀jẹ̀ ìka ẹ̀ títí, ó mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Èyí fún un lẹ́nu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sún kì.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Ó fi ṣíbí bù ú fún ọmọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi omi sísè tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ ọmọ dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó di ikùn mú.

"Ìyàwó wa, omi pupa yẹn… ṣé ó kù?"

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ni o."

"Ṣáà bu ẹ̀jẹ̀ náà fún mi!"

Ìyá Aláwọ̀n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ti ní ebi ń pa òun. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó mú abọ́ méjì bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò wọ́n, ó dá ọ̀kan padà.