Bàláńsì Ọjọ́bọ̀

"Má tẹ bíréèkì! Mo ní má tẹ̀ ẹ́! Fi kílọ́ọ̀ṣì mú un, kí o fún un níná díẹ̀!"

Dádì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò. Àǹtí Jọkẹ́ ló jókòó sídìí ọkọ̀. Mọ́tò wa tuntun, aláwọ̀ eérú, wà ní agbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ àgbàlá wa ní Iléṣà. Kò lọ síwájú, kò yí padà sẹ́yìn, ó kàn dúró gbọn-in. Nígbà tó yá, ó rọra gun òkè wọlé, Dádì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Bàláńsì nìyẹn! Ẹ wá wo ọmọ! Àwọn tó ti ń wakọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ò lè ṣe é báyìí. Ìwàlẹwà, ṣé o rí àǹtí rẹ?"

Mo rí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo fi eyín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú olókè lè má mọ bàláńsì. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ nílùú wa gbọ́dọ̀ lè dá mọ́tò dúró lórí òkè láìtẹ bíréèkì. Á gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, á fún un níná díẹ̀, mọ́tò á sì dúró láàárín lílọ àti bíbọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀gá ni. Jọkẹ́ sì ti di ọ̀gá lójú Dádì.

Ìbíjọkẹ́ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi bí. Ọmọ àbúrò Dádì ni. Ọdún kẹta nìyẹn tí bàbá rẹ̀ kú, tí wọ́n mú un wá láti Ọ̀tan-Ilé. Kí ó tó dé, èmi nìkan ni ọmọ tí Dádì, Tíṣà Amos, ní. Èmi nìkan ni mo ń pe "Dádì" nínú ilé yẹn. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn tó dé tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Dádì mi ní Dádì, Dádì sì ń dá a lóhùn! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní "Àǹtí" lẹ́nu, tí mo sì ń pè é ní Jọkẹ́ lásán nínú ọkàn mi.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti jáde iléèwé, ó sì ti gba ìwé àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ọkọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ń wá obìnrin tí yóò máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ náà fún un tó bá gba láísẹ́ǹsì kí sáà tuntun tó wọlé. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún Dádì pé kí wọ́n kọ́ èmi náà, wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́. Tí o bá pé méjìdínlógún, ó kàn ọ́."

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Mọ́mì. "Mọ́mì, ṣebí wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn?"

Mọ́mì wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ni ọmọ ẹlòmíràn nínú ilé yìí? Lọ fọ abọ́."

Mo fọ abọ́. Ibi abọ́ náà ni mo ti pinnu ohun tí n ó ṣe.

Mẹ́tọ́díìsì ni wá, Dádì sì ni olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń sọ bí ìgbàgbọ́ wọn ṣe ń lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n ní kò yẹ kí ènìyàn gbé mọ́tò tuntun lọ bá àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ́wọ́ àìlera wọn. Mọ́mì á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Jọkẹ́ á ti lọ síbi tó ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, tí yóò máa wò mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ò tó nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀, nítorí Dádì àti Jọkẹ́ ga, èmi ni mo kúrú bí ìyá mi. Mo fa ìjókòó náà síwájú. Mo ti wo fídíò lórí fóònù títí gbogbo rẹ̀ fi há sí mi lórí. Síbẹ̀, mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mẹ́jọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo yí i sọ̀ kalẹ̀ dé agbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbé ẹsẹ̀, mo fún un níná, ó sì dúró! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yèè. Ìṣẹ́jú kan ni Jọkẹ́ fi ṣe tirẹ̀. Mo ní èmi ó ṣe é fún mẹ́wàá. Nígbà tí mo ṣe mẹ́wàá tán, mo ní ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òórùn kan a máa jáde, bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jóná. Mo rò pé àwọn aládùúgbò ló ń sun pàǹtí.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣe tán, màá gbé e padà sókè, màá gbálẹ̀ ibẹ̀, màá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Jọkẹ́ á dìde, á fọ mọ́tò náà tinú tẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

Ní Àbámẹ́ta kan nígbà ọlidé, a ń lọ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Jọkẹ́ ń wa ọkọ̀, Dádì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn bí ẹrù. A dé ìdí òkè kan, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ṣùgbọ́n mọ́tò ò lọ. Jọkẹ́ tún fún un níná, ó tún bú, kò kúrò lójú kan.

"Kí lo ṣe sí i?" Dádì béèrè. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn sí i rí.

"Dádì, mi ò ṣe nǹkan kan o."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn dénú egungun. Àfìgbà tí òórùn rọ́bà jíjóná yẹn kún inú mọ́tò ni ọkàn mi já. Mo mọ òórùn náà. Mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ní Ajé, wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ mọ́tò wa lọ sí Òṣogbo, sí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa. Obìnrin ni ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì wọn, Ẹnjiníà Nọ́síràtù, ó fi ìborí funfun sábẹ́ fìlà iṣẹ́. Wọ́n tú mọ́tò náà, ó sì gbé àwo kílọ́ọ̀ṣì wá hàn wá. Ó ti jẹ tán pẹlẹbẹ, irin rẹ̀ ti jó dúdú.

"Oṣù márùn-ún!" ni Dádì wí. "Oṣù márùn-ún péré, tí wọ́ráńtì jẹ́ ọdún mẹ́ta! Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀."

"Sà, ẹ má bínú. Wọ́ráńtì ń bo àṣìṣe àwọn tó ṣe mọ́tò. Kò bo ẹsẹ̀ awakọ̀. Wàláì, ẹnìkan ló ń fi kílọ́ọ̀ṣì gbé mọ́tò yìí dúró lórí òkè."

Dádì fa àga kan, wọ́n jókòó, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Aago mẹ́wàá ni. Nígbà tó di aago méjì, wọn ò tíì dìde. Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, Òṣómàáló! Ṣé ẹ fẹ́ lóṣòó tì mí títí n ó fi fún yín ní kílọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ohun tó bá jẹ́ tèmi, mo lè lóṣòó tì í dọ̀la," Dádì fèsì.

Ẹnjiníà yíjú sí Jọkẹ́. "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ṣe bàláńsì?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, mà. Dádì jókòó tì mí nígbà gbogbo."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ò lè ṣe èyí. Àfi tí o bá ń purọ́." Èmi ń ka òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ẹnjiníà pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó padà wá, ó ní wọ́n fẹ́ ṣàánú. Kí Dádì kọ lẹ́tà pé akẹ́kọ̀ọ́ ló fi àìmọ̀kan jó o, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fọwọ́ sí i pé òun kò ní fọwọ́ kan mọ́tò náà mọ́ títí wọ́ráńtì yóò fi parí. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọmọ yìí kì í purọ́," Dádì sọ.

Jọkẹ́ ló dá wọn lóhùn. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ èmi náà ni."

Nígbà tí a délé, Dádì ní kí n wá kọ lẹ́tà náà nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló dára jù. Wọ́n ń pè é, mo ń kọ ọ́. Mo kọ orúkọ Ìbíjọkẹ́ gbagada, mo kọ "àìmọ̀kan", mo fi àmì sí gbogbo ibi tó yẹ. Mọ́tò á dé, Jọkẹ́ á kúrò nídìí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa na èmi. Kí ni mo tún ń fẹ́? Mi ò kọ lẹ́tà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Jọkẹ́ fọwọ́ sí i láìwo ojú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a ní yàrá, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀tan-Ilé. Láìsí ọkọ̀, mi ò lè ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì. Láìsí láísẹ́ǹsì, kò síṣẹ́. N ó lọ bá ìyá àgbà lóko." Ó ká búláòsì kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ìwàlẹwà, tí mọ́tò bá dé, tí o bá tún fẹ́ ṣe bàláńsì, tí ẹsẹ̀ bá ti ń rẹ̀ ọ́, fa bíréèkì ọwọ́. Kí o sì máa rántí ti ìjókòó padà sẹ́yìn. Mi ò ní sí níbí láti máa bá ọ tì í."

Mo di báàgì náà mú. Mo ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Mo fẹ́ wọlé nu ìjókòó, orúnkún mi lọ gbá abẹ́ ìdarí. Mọ́mì kì í sún mọ́ ìdí ọkọ̀; ta ló tún kúrú tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí, bí kò ṣe ìwọ? Mo rò pé eré díẹ̀ lo ń fi í ṣe. Mi ò mọ̀ pé o ń pẹ́ nídìí rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn ún gbọ́. "Kí n sọ fún ta? Ilé bàbá rẹ ni mò ń gbé. Tí mo bá sọ ọ́, tí ìwọ bá ní irọ́ ni, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú kì í fẹjọ́ ọmọ onílé sùn."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jowú rẹ̀ pé ó gba ipò mi. Kò ní ipò kankan. Kò ní èyí tó tó láti fi ẹnu sọ òótọ́ nínú ilé wa.

Dádì ń pè mí níta. A ń lọ sí Òṣogbo.

Ẹnjiníà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí mọ̀wé o," ló wí, ó sì nawọ́ mú òǹtẹ̀. Dádì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré sí i, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, mà. Èmi ni."

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìṣó, kọ́kọ́rọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dádì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọn ò sì tètè gbé e padà.

"Ọjọ́ wo lo máa ń ṣe é?"

"Ọjọ́bọ̀, sà. Tí ẹ bá wà ní kíláàsì."

"Nígbà tí mo ń gbọ́ àìlera ọmọ ọlọ́mọ," Dádì sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àánú wọn ṣe Ẹnjiníà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sà, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́tà ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹ òǹtẹ̀, kí ẹ máa gbé mọ́tò yín lọ."

"Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ bá mi mú lẹ́tà mi wá." Dádì gbà á, wọ́n ya á sí méjì, wọ́n fi sápò. "Ìjẹ̀ṣà máa ń lóṣòó ti ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀. A kì í lóṣòó ti irọ́."

Wọn ò nà mí. Ó ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Mọ́tò náà wà ní Òṣogbo fún oṣù méjì gbáko kí Dádì tó lè ra kílọ́ọ̀ṣì mìíràn sí i. Kó tó délé, ọjọ́ ìdánwò láísẹ́ǹsì Jọkẹ́ ti kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti gba ẹlòmíràn. Ọdún kan gbáko ni ó fi jókòó kó tó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn. Èmi ni mo jẹ ọdún yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì tọrọ àforíjì títí ó fi ní ó tó. Èmi náà ni mo tú báàgì rẹ̀, tí mo dá aṣọ rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi àti Dádì la jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì.

Ní oṣù tó kọjá, mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Dádì ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ó kàn ọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ ń dúró dè ọ́ níta."

Àǹtí Jọkẹ́ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Lẹ́nu àti lọ́kàn, Àǹtí ni mò ń pè é báyìí. Owú mú kí n jó ohun tí kì í ṣe ti ọ̀tá mi, nítorí pé mi ò ní ọ̀tá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí owú kọ́ yín lọ́kọ̀. Ohun tó máa kàn yín, ó ń bọ̀ wá kàn yín, ẹ má fi ti ẹlòmíràn ṣe iná tí ẹ ó máa yá.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó kí n lè fà á síwájú. Àǹtí Jọkẹ́ ti fà á dè mí.