Ìdajì Ilé Tí Shulan Kò Fi Sílẹ̀

Ìyá Dehai jẹun alẹ́, ó bú ọmọ rẹ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ kábéèjì ti pọ̀ jù, ó na ẹ̀yìn lórí ibùsùn amọ̀ tí iná abẹ́ rẹ̀ ń mú gbóná, kò sì jí mọ́. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò wúkọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ìyàwó tuntun, ohun tó sì ba abúlé lẹ́rù nìyẹn. Òkú wo ló ń dán báyẹn? Kí Ọlọ́run má fi irú ikú bẹ́ẹ̀ kan ilé wa.

Nígbà tí orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Caixia, ìyàwó tuntun Dehai, tó ń bì láràárọ̀, tí oyún inú rẹ̀ sì bà jẹ́, ojú gbogbo ayé yí sí apá ìwọ̀-oòrùn ilé náà, níbi tí Shulan ń gbé.

Shulan ni ìyàwó tí Dehai kọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ po amọ̀ ilé yẹn nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Nígbà tí ìfẹ́ tutù, adájọ́ pín in: ìlà-oòrùn fún ọkùnrin, ìwọ̀-oòrùn fún obìnrin. Wọ́n mọ ògiri sáàárín. Ibùsùn amọ̀ tó gùn láti orí ilé dé ìdí ilé, ògiri náà gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin. Ẹnu ààrò wà lọ́dọ̀ Dehai, òpó èéfín wà lọ́dọ̀ Shulan, iná kan ṣoṣo ló sì ń gba abẹ́ àwọn méjèèjì kọjá.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìkórè ni ibùsùn Shulan ti tutù bí ikùn ẹja. Ó gbà pé Dehai ti la ọ̀nà èéfín tirẹ̀ síbòmíràn. Ìbínú kò jẹ́ kó bèèrè. Ó wá sítóòfù onírin kékeré kan, ó na ọ̀pá rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ó ń dáná tirẹ̀. Òpó èéfín àtijọ́ wá dúró lásán lórí òrùlé. Lẹ́yìn yìnyín ńlá tó já bọ́ ṣáájú ikú ìyá Dehai, òwìwí kan wá bà sórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ dé, yóò dé, yóò yí orí po, yóò sì fọhùn bí ènìyàn.

"Ẹ ò rí i?" làwọn obìnrin ń wí létí kànga. "Ẹyẹ ẹ̀ ti ń wá kí i."

Lọ́jọ́ kan, Caixia di ògiri mú jáde síta, ètè rẹ̀ funfun.

"Shulan! Oyún mi lo jẹ!"

Shulan ń ha yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Caixia, tófù wà nílé mi, ìyẹ̀fun wà. Kí ni mo fẹ́ foyún ẹ ṣe?"

"Kẹ́rù ẹ kúrò nílé ọkọ mi!"

"Ọkọ? Máa mú un lọ. Mo ti lò ó rí, mo mọ bó ṣe rí. Àmọ́ ilé, ìdajì tèmi ni."

Dehai yọjú lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. "Shulan, jọ̀ọ́, gbé apá tìẹ fún mi, kó o máa lọ sílé bàbá ẹ. Wọ́n ní tó o bá fi máa pẹ́ níbẹ̀, àwọn á dáná sun ún."

"Kí wọ́n sun ún. Tí apá tèmi bá ń jó, ṣé apá tìẹ á káwọ́ gbera ni?"

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Màmá Hu, obìnrin tí ẹ̀mí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń gùn, kó wá fi àjẹ́ hàn. Tí ó bá dárúkọ Shulan, kí Shulan jáde ní abúlé lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Dehai ti ń kó pòròpòrò àgbàdo àti èédú sínú ààrò láti àárọ̀, kí ibi ìjókòó àlejò lè gbóná dáadáa. Màmá Hu jókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú Caixia, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn yòókù, tó fi mọ́ Shulan, dúró ní àgbàlá.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sókè, ó wá ń wọ́ bí orin ọ̀mùtí.

"Ó ti dé... ó ti dì mí lórí mú..."

Nǹkan wó lulẹ̀. Ilé dákẹ́.

Àgbàlá dà rú. Àwọn ọkùnrin ń fẹ̀yìn rìn. Shulan gbójú sókè wo òwìwí tó jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí òpó èéfín rẹ̀. Ó wo gbogbo òrùlé yíká. Kò rí èéfín níbì kan.

"Dehai! Iná tó o ti ń dá láti àárọ̀, níbo lèéfín ẹ̀ ń gbà jáde?"

"Mo... mo luhò sẹ́yìn ilé."

"Ẹ̀yìn ilé tí yìnyín ti dé abẹ́ òrùlé?"

Shulan gbá ilẹ̀kùn Dehai mú. "Má wọlé, àjẹ́!" lẹnìkan ké.

"Èmi Shulan ọmọ Zhao! Ọmọ a-la-igi-nínú-yìnyín, ọmọ a-kórè-tán-kó-tó-rọbí! Ẹni tí ìyá tirẹ̀ bí dáadáa, kó wá dá mi dúró!"

Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, ó fa bébà tí wọ́n fi lẹ fèrèsé ya, ó wọ́ obìnrin méjèèjì jáde sínú òtútù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá Hu tó lajú, ó bì, ó ní: "Ẹ̀mí kankan ò gùn mí. Èéfín ló gùn mí."

Shulan gbé ọkọ́.

"Wọn kì í tú ibùsùn nígbà òtútù!" ni àgbà kan ń wí. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń tú u, tá a bá fẹ́ kó èérú!"

"Bàbá, ẹ yà lọ́nà." Ó fọ́ ibùsùn Dehai ní ìdí ògiri. Bíríkì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò pọ̀ dí ọ̀nà èéfín pa, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́. Ojú ìka Dehai ṣì wà lára amọ̀ náà.

"Mi ò fẹ́ kó máa yá iná mi," ni Dehai wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Caixia gbé orí sókè nínú yìnyín. "O pa ìyá ẹ, o pọmọ mi, kẹ́yìn ìyàwó ẹ àtijọ́ má bàa gbóná?"

Dehai kúnlẹ̀. Ó ń sunkún pé kí Shulan gba gbogbo ilé náà, òun á wábi gbà.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ìdajì ni mo ní, ìdajì ni mo fẹ́. Dìde, kó bíríkì ẹ kúrò lọ́nà mi. Tó o bá dáná lọ́la tí kò dé ọ̀dọ̀ mi, màá wá kanlẹ̀kùn."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọin.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin etí kànga dé, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ tó ń ru gùdù, ohùn wọn rọ̀ bí òwú. "Ẹ̀gbọ́n Shulan, ẹ má bínú. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ fi nǹkan sẹ́nu."

"Ẹ gbé e padà," ó dáhùn láti inú ilé. "Àjẹ́ ti yó."