Atẹ́gùn Tó Wọ Bíréèkì Nọ́ọ̀sì

Ilé Alábẹ́rẹ́ ni àwọn aládùúgbò ń pe ilé tọkọtaya yìí, nítorí abẹ́rẹ́ ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun. Télọ̀ ni ọkọ, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Orí òkè ni ilé wọn wà. Ilé ìwòsàn tí ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòríta tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í dá. Kẹ̀kẹ́ ni nọ́ọ̀sì máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́, á sì gbé ọmọbìnrin wọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn láti já a sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Télọ̀ yìí kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ló fi ń sọ tirẹ̀. Gbogbo Sátidé ló máa ń dorí kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ kodò ní ẹ̀yìnkùlé, á nu ṣéènì, á fi ọ́ìlì sí i, á wá fi àgékù aṣọ nu irin rẹ̀ títí táá fi máa dán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì kí wọ́n tó jáde. Ọmọ wọn, tí bàbá rẹ̀ sọ ní Olófòófó nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ etí tábìlì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni bàbá bi í.

"Mò ń gun kẹ̀kẹ́ bíi ti Màámi ni. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, kó tó gbọ́ràn. Tí kò bá gbọ́, wọ́n á fi bàtà wọ́ ilẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Jẹ búrẹ́dì ẹ, olófòófó."

Télọ̀ wo bàtà iṣẹ́ funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àtẹ́lẹ̀ ti ọ̀tún ti jẹ tán, ti òsì ṣì dà bíi tuntun.

"Ṣé òótọ́ ni, Ìyá ọmọ mi?"

"Kò le tó bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó máa ń le padà."

Télọ̀ dìde lọ síbi kẹ̀kẹ́. Ó tẹ bíréèkì iwájú, ó rọ̀ wọ̀ọ̀ títí ó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó le. Ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ti rọ̀ padà. Ti ẹ̀yìn náà kò sàn jù ú lọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò ní gun èyí lónìí," ló wí. "Ẹsẹ̀ la máa fi rìn. Màá sìn yín dé ìsàlẹ̀."

Nígbà tó sìn wọ́n tán tó padà délé, ó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Kẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́ tó sì ń tún un ṣe ní òpópónà kejì. Ọ́ìlì ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe wáyà, torí náà ó mú ìgò ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò dání, èyí tó tọrọ lọ́wọ́ dírẹ́bà àdúgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ń da ọ́ìlì yìí sí?"

"Ẹ gbé ìgò yẹn jìnnà ná, Télọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí bíréèkì yẹn fún mi."

Télọ̀ tẹ orí ba. "Ó ní ọ́ìlì mínírà nìkan."

"Ẹ ò rí i. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan ń lo irú ti mọ́tò yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dà á sínú èyí, á jẹ àwọn rọ́bà inú ẹ̀. Ṣé òwú jíǹsì lẹ fi ń rán léèsì?"

"Rárá o."

"Bó ṣe rí nìyẹn." Ó wo kẹ̀kẹ́ náà yíká. "Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Ṣéènì ẹ̀ mọ́ ju àwo oúnjẹ mi lọ."

"Èmi ni," ni Télọ̀ fi ìyangàn wí. "Gbogbo Sátidé ni mo máa ń dorí ẹ̀ kodò, tí mo—"

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àánú ni. "Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ń pa làpálàpá. Ẹ gbọ́ o. Páàdì tó ń fún àwo irin táyà mú ti ń jẹ, ọ́ìlì tó wà lókè níbí sì ti lọ sílẹ̀. Atẹ́gùn ló gba àyè ẹ̀. Tí kẹ̀kẹ́ bá wà lóòró, atẹ́gùn yẹn á jókòó sókè jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá dorí ẹ̀ kodò, á wọ inú rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá lọ. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn ló ń fún pọ̀. Òun ló ń jẹ́ kó rọ̀."

Télọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì náà. "Èmi ni mo wá ń ṣe é."

"Ẹ ò mọ̀ ni. Mo lè ṣe é fún yín, àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ tó báyìí yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó fi kẹ̀kẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lé atẹ́gùn jáde, ó sì ta ọ́ìlì tó yẹ fún un, pẹ̀lú sírínjì tuntun tó ní rọ́bà lẹ́nu àti kọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní ihò nídìí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ìyá ọmọ mi, èmi ni mo ń ba bíréèkì ẹ jẹ́, pẹ̀lú bí mo ṣe ń dorí ẹ̀ kodò."

"Mo fura," ni ìyàwó wí. "Ó máa ń burú sí i lẹ́yìn Sátidé. Àmọ́ ẹ ò mọ bí inú yín ṣe máa ń dùn tẹ́ ẹ bá ń gbé e fún mi. Mi ò fẹ́ kí ìdùnnú yẹn bàjẹ́."

"Ọmọ wa máa ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn."

Omi lé ròrò sójú nọ́ọ̀sì. "Ẹ má bínú."

"Èmi náà, má bínú," ni Télọ̀ wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ló bá na sírínjì sí i.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dúró lóòró. Wọ́n yọ táyà, wọ́n yọ páàdì, wọ́n sì wé e sínú aṣọ tó mọ́ kí ọ́ìlì má baà kàn án. Wọ́n ki ègé ike kan bọ àárín ibi tí páàdì wà tẹ́lẹ̀, kí irin inú rẹ̀ má baà yọ jáde. Wọ́n ti ìdí kọ́ọ̀bù bọ ojú ihò tó wà lókè, wọ́n sì da ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Télọ̀ fa ọ́ìlì sínú sírínjì, ó fẹ́ ti rọ́bà rẹ̀ bọ ẹnu ihò ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí páàdì ń wà.

"Ẹ dúró," ni ìyàwó wí. "Atẹ́gùn ṣì wà nínú sírínjì yín gan-an." Ó gbé e dúró, ó fi ìka ta á, ó tì í díẹ̀ títí ọ́ìlì fi yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Aláìsàn ti bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì," ni ọkọ wí.

Nọ́ọ̀sì ń ti ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Télọ̀ ń ṣọ́ kọ́ọ̀bù lókè. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Wọ́n ti ihò ìsàlẹ̀ pa, wọ́n fi ìka gbá rọ́bà jẹ́jẹ́, wọ́n rọra ń tẹ bíréèkì, òmíràn tún yọ. Nígbà tí kò yọ mọ́, wọ́n dé gbogbo ihò, wọ́n nu ibi gbogbo mọ́, wọ́n fọwọ́, wọ́n dá páàdì àti táyà padà. Télọ̀ tẹ bíréèkì, ó le lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún un mú pinpin, ó ń wò bóyá ọ́ìlì ń jò. Kò jò. Wọ́n ṣe ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ gùn ún," ni Télọ̀ wí. Ó ti pẹ́ tó gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú iwájú ilé, Olófòófó ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì ni kẹ̀kẹ́ ń dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lórí òkè, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, nọ́ọ̀sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan péré. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń gun kẹ̀kẹ́, bíréèkì tó ń rọ̀ tó ń le kò tíì sàn o. Ẹ má gùn ún. Ẹ ka ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó ra ọ́ìlì, ẹ má sì fi ti mọ́tò tàbí òróró ìdáná dán an wò. Páàdì tí ọ́ìlì bá ti kàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má da ọ́ìlì tó kù sí gọ́tà. Bí ó bá ń jò, tàbí tó tún rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì ń ṣe ohun tó léwu fún yín láìmọ̀, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú lè tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó jọ wà láàyè láti fi í rẹ́rìn-ín.