Tẹlifóònù Inú Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 1998, Ọlágòkè Fásanmí ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, bó ti máa ń ṣí i. Ó to àńkárá sórí tábìlì, ó nu eruku orí tẹlifóònù, ó wá gbé àga síbi tí yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Inú yàrá yìí ni Phebe, ìyàwó rẹ̀, ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà. Aṣọ ni Ọlágòkè ń tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta, ìyàwó ló ń ṣọ́.

Nọ́ńbà Ìbàdàn kan ló fa wàhálà. Ó rí i lára ìwé tí Phebe lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é.

"Ta lo ní sí Ìbàdàn?" ló bi í.

Phebe bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Jọmí, kọ̀ǹpútà ló ń pe kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ń gbà kọjá lọ sókè òkun."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ọlágòkè kò gbà. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ ti ku egungun.

Lọ́jọ́ náà, ojú ìyá Ọlágòkè ló wà nílẹ̀. Ìwàrajà ni ìyá ń gbé. Dókítà ní àìsàn kan ń pa ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì ti kú nínú ojú náà kò ní jí mọ́. Oògùn tó kọ, wọ́n wá a títí ní Òṣogbo àti Iléṣà, wọn kò rí i. Akínkúnmi, àbúrò Phebe tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti rí ẹni tó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí orúkọ oògùn ṣáà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, kó lè rà á fi rán ẹni náà. Tẹlifóònù wọn kò lè pe òkè òkun, nítorí náà kọ̀ǹpútà nìkan ló kù.

"Bàbá Jọmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé tẹlifóònù yín títí aago mẹ́rin," ni Phebe bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ yìí ló wá dá kún owú rẹ̀. Kí ni wọn kò fẹ́ kí òun gbọ́?

Ní aago méjì ààbọ̀, kọ̀ǹpútà pe Ìbàdàn. Ó han goorogo, ó sì já. Ó tún pè, ó tún já. Phebe sáré lọ pe Mùstàfá, ará Ìbòkun tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ma," ni Mùstàfá wí. "Ẹ gbé tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yìí sétí. Ṣé ó ń dún dúúù?"

"Ó ń dún."

"Ìlà dáa nìyẹn. Ẹ jẹ́ n wo waya." Ó tì í wọlé ṣinṣin, ó já. Ó fi waya mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, ó já. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó tún já. Aago ti di mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ṣé tẹlifóònù mìíràn wà lórí ìlà yìí?"

"Ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ." Phebe na ọrùn síta. "Bàbá Jọmí, ẹ ò gbé tẹlifóònù, àbí?"

"N ò fọwọ́ kàn án!"

Irọ́ gbuu. Nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń pe Ìbàdàn, agogo tẹlifóònù orí tábìlì aṣọ á dún tín, tín, fẹ́ẹ́rẹ́. Ọlágòkè á rọra gbé e, á fi ọwọ́ bo ibi tí wọ́n ń fọhùn sí. Ariwo ṣááá ló ń gbọ́. Ó gbà pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bo ohùn ọkùnrin tó rò pé Phebe ní sí Ìbàdàn ni.

Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níkẹyìn, Mùstàfá ní kí kọ̀ǹpútà máa pè, òun sì tọ waya lára ògiri títí ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ó bá Ọlágòkè pẹ̀lú tẹlifóònù létí.

"Bọ̀dá," ló wí pẹ̀lẹ́, "bí ẹ bá ti gbé e, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dàrú nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ti ń já a láti ẹ̀ẹ̀kan."

Wọ́n yọ tẹlifóònù náà kúrò lára ògiri. Lẹ́tà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aago mẹ́rin ti fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kọjá.

Èsì Akínkúnmi dé lọ́jọ́ kejì: ẹni náà ti lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn tó ń bọ̀. Nígbà tí oògùn fi dé Ìwàrajà, ojú òsì ìyá ti kú.

Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún un.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ùwọ lo ti fọ́jú ṣáájú mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo ìlà tẹlifóònù, ẹ yọ gbogbo tẹlifóònù yòókù kó tó pè. Bí ìlà bá sì ń já, kí ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe sọ ọ́ kí àkókò tó lọ. Bí ìfura bá wọ inú ilé yín, ẹ bi ẹnì kejì yín léèrè, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ gbọ́. Phebe ti dárí ji ọkọ rẹ̀. Ojú òsì ìyá kò ní là mọ́.