Dókítà Tó Ní Kí Hidayat Lọ Bímọ Ná

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èrò ti kún iwájú yàrá Dókítà Ládé ní ọsibítù kan ní Ketu kó tó dé. Ìtọ́jú ọkàn ni iṣẹ́ tí Ládé kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni karùn-ún tó wọlé tọ̀ ọ́ ni Hidayat, obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, tòun ti oyún oṣù méje. Láti kékeré ni ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ti fún, oògùn ló sì fi ń gbé e. Ó ní òun ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, pé ìrọ̀rí mẹ́ta lòun ń tì sẹ́yìn kí òun tó rí èémí mí.

Oyún yẹn ba Ládé lẹ́rù. Ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkàn aboyún. Ó ń bẹ̀rù kí oògùn má lọ ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ó ní kí Hidayat dá oògùn náà dúró, kó lọ bá àwọn dókítà tó ń gbẹ̀bí, bó bá bímọ tán kó padà wá. Kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kò kọ lẹ́tà. Èrò pọ̀ níta.

Àwọn tó ń gbẹ̀bí wo káàdì rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkàn ju tàwọn lọ, kó padà. Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì wọlé sọ fún Ládé pé aboyún ọjọ́ Ajé tún ti dé. Ládé ní kó sọ fún un pé òun ti bá a sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án sí ìgbà náà, Hidayat ṣubú nídìí ọjà rẹ̀. Abdulrauf ọkọ rẹ̀ gbé e wọ ọsibítù, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ládé àti dókítà tó ń gbẹ̀bí tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan náà. Wọ́n rí ìyá gbà sílẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé jáde kò mí.

Bí Ládé bá sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Abdulrauf ì bá gbà. Ṣùgbọ́n Ládé jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Ọjọ́bọ̀.

Abdulrauf bi í pé, “Dókítà, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹ ò béèrè?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ni Ládé wí. “Mi ò sì béèrè.”

Abdulrauf dìde, ó lọ gba òkú ọmọ rẹ̀.

Ládé kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ fún ọ̀gá ọsibítù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkàn aboyún, wọ́n sì gbà. Níbi tó ti lọ kọ́ ọ ló ti kà á nínú ìwé pé lóòótọ́ ni àwọn oògùn kan wà tí aboyún kò gbọdọ̀ lò, ṣùgbọ́n èyí tó ní kí Hidayat dá dúró kò sí lára wọn. Ó pa ìwé náà dé, kò lè ka ìyókù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó padà dé, òun àti àwọn tó ń gbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú láti yẹ aboyún tí ọkàn ń dà láàmú wò. Ó ń kọ́ àwọn dókítà ọkàn mìíràn náà, ìtàn Hidayat ló sì máa fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò.

Hidayat ṣì ń wá fún àyẹ̀wò. Ó máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ládé kì í lè wojú rẹ̀ pẹ́.

Aboyún tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tí àyà rẹ̀ ń lù sódì, tàbí tó ń dákú, kó má gbà pé bí oyún ṣe ń rí nìyẹn. Kó tètè lọ sí ọsibítù, kó má sì dá oògùn ọkàn dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó lọ síbòmíràn, kí ẹbí rẹ̀ béèrè orúkọ dókítà tó ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ́ àwọn dókítà ọkàn ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aboyún. Ẹ̀yin dókítà, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè kí aláìsàn tó kúrò níwájú yín.