Ìwé Ìpè Tí Kò Ní Aago Ìlọsílé

Ìdáhùn àkọ́kọ́ dé kí Karin Sundvall tó fi ìwé ìpè náà ránṣẹ́. Ó ṣì ń wo ojú fóònù rẹ̀, ìka rẹ̀ ò tíì kan ibi tí wọ́n ń tẹ̀, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan yọ lókè: "Ẹ ṣé gan-an ni. Ansel máa wá. Kò sí oúnjẹ tí kì í jẹ." Karin ní á jẹ́ pé òun ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ àti òwú, nítorí aṣọ onídán tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àárọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, èyí tó wà léjìká òsì ò sì yé já bọ́.

Linnea ni ọmọ ọ̀hún, òun nìkan ni Karin àti Wade ọkọ rẹ̀ bí, ọdún méje ló sì fẹ́ pé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe gbogbo ọmọ kíláàsì, ọmọ kan ṣoṣo ló wá, òun náà sì ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé. Linnea dé adé bébà, ó jókòó ti kéèkì ńlá, ó ń wo ilẹ̀kùn. Karin ò lè gbàgbé ojú yẹn. Ó ti búra nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ eyín lòun máa fi fa ọmọ ọlọ́mọ wọlé, pálọ̀ òun á kún lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tó fi ní pátì idán ni wọ́n máa ṣe. Ọmọ wo ni kò fẹ́ rí idán?

Àwọn òbí ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ń gbé, ni ò jẹ́ kó rímú mí. Ẹ bá mi wo irú ìwà yìí: ìwé ìpè lọ sọ́dọ̀ ọmọ mọ́kànlá, Karin bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fèsì, ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò sẹ́ni tó sọ pé òun ń bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé òun ò wá. Bó bá pàdé àwọn ìyá wọn nílé ìtajà, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní òtútù yìí mà pọ̀ o, wọ́n á sì máa ti ẹrù wọn lọ. Bó bá wá dárúkọ pátì, wọ́n á ní, "Ó dáa, a máa wò ó." Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà ni?

Ìyá Ansel nìkan ló ń fèsì, tiẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Karin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó pé kóun béèrè ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀pà, fóònù á dún: "Ẹ̀pà ò ṣe Ansel ní nǹkan kan." Á nawọ́ mú bébà pé kóun gé fìlà oníṣóńṣó fáwọn ọmọ, fóònù á tún dún: "Orí Ansel kéré. Ẹ má gé tiẹ̀ tóbi jù." Lọ́jọ́ tí èyí wọlé, Karin yíjú sí fèrèsé. Yìnyín bo gbogbo àgbàlá, ipa ẹsẹ̀ kan kò sí lórí rẹ̀. Ó fa kọ́tìnì pa, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni.

"Linnea, ta ló ń jẹ́ Ansel ní kíláàsì yín?"

Ọmọ náà ń fi ọ̀pá idán rẹ̀ lu àga. "Ẹ̀yìn mi ló máa ń jókòó sí."

"Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?"

"Rárá o. Ó ti wà níbẹ̀ kí tíṣà wa tó dé."

"Má fi mí ṣeré o, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Mi ò fi yín ṣeré, Mọ́mì. Òun ló sọ fún mi. Ó ní wọn ò pe òun sí ọjọ́ ìbí rí, ọjọ́ kan báyìí."

Karin yẹ orúkọ tí tíṣà fi ránṣẹ́ wò. Mọ́kànlá ni, kò sí Ansel níbẹ̀. Ó ní òun máa pe tíṣà, ṣùgbọ́n ìpè mìíràn ló kọ́kọ́ wọlé. Gordy ni, àgbàlagbà tó ti wa bọ́ọ̀sì iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó wá di apidán ọmọdé; òun ni Karin bẹ̀ fún pátì náà.

"Màdáámú, ẹ má bínú. Ara ehoro tí mo fi ń pidán ò yá."

"Ehoro! Ọ̀gbẹ́ni Gordy, ọ̀la ni pátì!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní àpótí kan tí mo kàn fúnra mi. Ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí á wọ inú ẹ̀, á pòórá, á tún yọ padà. Wọ́n á pariwo dọ́la."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá Ansel tún fi dé. "Ẹ má bínú, màmá Linnea. Aago mélòó ni Ansel máa padà sílé?"

Karin wo ìwé ìpè, ó sì gbá orí ara rẹ̀. Ní Duluth, bí wọ́n ṣe ń kọ aago tí àlejò máa dé ni wọ́n ń kọ aago tó máa lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí àrífín. Òbí á já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní aago méjì, á padà wá gbé e ní aago mẹ́rin, ó parí. Nínú gbogbo wàhálà aṣọ àti ìràwọ̀, Karin ti gbàgbé aago ìlọsílé. Ojú ẹsẹ̀ ló kọ aago mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwọn mọ́kànlá yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti sú u. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ibẹ̀ ń sọ láìtọkàn wá dá a lóhùn: "Kó dúró títí tó bá wù ú!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Ẹ ṣé," ni èsì tó wá. "A ti di ọ̀rọ̀ yín mú."

Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, àwọn mọ́kànlá tí wọn ò fèsì ti dé tán, bàtà yìnyín wọn tò sórí ẹní ẹnu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Linnea tó jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. Linnea ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́. Karin sá wọ kíṣìnì, ó nu ojú rẹ̀. Nígbà tó padà, ọmọkùnrin kan dúró láàárín wọn, ó wọ kóòtù onírun, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ìwọ ni Ansel?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló gbé ẹ wá?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí."

Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sápótí kó tó gbẹ. Karin dé fìlà tó kéré jù lọ fún un, ó sì bá a lórí rẹ́gí.

Gordy gbé àpótí rẹ̀ síwájú kọ́tìnì. Linnea wọ inú rẹ̀ tòun ti aṣọ onídán rẹ̀, ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀, Gordy pàlẹ̀kùn dé. Ó pọfọ̀, ó ṣí i, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo. Ó tún pa á, ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí i. Ansel ló jáde. Aṣọ onídán wà lọ́rùn rẹ̀, ìràwọ̀ ń já bọ́ léjìká òsì.

Karin dúró, ó ń retí apá kejì idán náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ orin ọjọ́ ìbí, Ansel ni wọ́n ń dárúkọ. Wade gbé kéèkì wọlé, ANSEL ló wà lórí rẹ̀, ọwọ́ Karin fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Gordy fà á lápá. Ètè rẹ̀ ti funfun. "Màdáámú," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo nawọ́ sí ẹ̀yìn àpótí, níbi tọ́mọ máa ń sápamọ́ sí. Kò sí ẹ̀yìn níbẹ̀ mọ́, pákó lásán ni." Ó bọ́ síta láìdúró gbé ohunkóhun.

"Wade, Linnea dà?"

"Linnea wo?"

"Ọmọ ẹ!"

"Karin, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ẹ pé kéèkì yẹn, rírà ló yẹ ká rà á." Ó fẹnu kò ó létí, ó lọ gé kéèkì.

Karin ki orí bọ àpótí, ó fi èékánná ha pákó ẹ̀yìn rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó wá gbogbo yàrá. Ní aago mẹ́rin géérégé, àwọn òbí dé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní òtútù yìí mà pọ̀ o, wọ́n kó ọmọ wọn lọ. Ansel jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń lá ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ́mì," ó ní, "gbogbo wọn ló wá."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Wade pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé bàtà aláwọ̀ àlùkò méjì sókè. "Ọmọ ta ló fi ìbọ̀sẹ̀ lásán lọ sínú yìnyín báyìí? Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí ìyá ẹ̀."

Fóònù dún lọ́wọ́ Karin.

"Linnea ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń jẹun dáadáa."

Karin kọ ọ́ pé, "Aago mélòó ló máa padà sílé? Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó?" Kò tíì fi í ránṣẹ́ tí èsì fi dé.

"Ẹ má bínú, màmá Ansel. Àwa náà gbàgbé, a ò kọ aago ìlọsílé sí ìwé ìpè tiwa."